Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ọ̀rọ̀ Lórí Òdì-kejì Ọ̀rọ̀-ìṣe Onítumọ̀ Púpọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ó yẹ kí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní òdì-kejì ọ̀rọ̀ fi òwe yìí sọ́kàn kí ó tó kọ ohunkóhun sójú pátákó. Ìdí ni pé ìbéèrè kan ti di bárakú nínú iṣẹ́ kíláàsì, nínú iṣẹ́ àṣetiléwá àti nínú ìdánwò ìparí sáà ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Ìbéèrè náà kò gùn rárá: "Sọ òdì-kejì àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí." Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò to àwọn ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: wọ̀, ṣí, gbà, pa, tutù. Àlàfo kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ níwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó sì máa ń wà nínú ìwé ìdáhùn olùkọ́.

Kí wọ́n gbé ìbéèrè yìí fún ọmọ mẹ́rin nínú kíláàsì kan ní Òmù-Àrán tàbí ní Èsìẹ́, kí ojú wọn sì kan "wọ̀". Ọmọ tí aṣọ bá wá sí lọ́kàn yóò kọ "bọ́". Èyí tí ó bá rántí ilé yóò kọ "jáde". Ẹni tí ó máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin yóò kọ "sọ̀kalẹ̀". Ẹni tí ó ń bá àwọn òbí rẹ̀ lọ sí oko, tí ó mọ̀ pé ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ni iṣẹ́ ń tán, yóò kọ "yọ". Bí ó bá jẹ́ "bọ́" ni ó wà nínú ìwé ìdáhùn, ọmọ mẹ́ta yóò gba òdo. Bẹ́ẹ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó gbọ́ Yorùbá. Ìbéèrè náà ni kò pé.

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ní ìtumọ̀ púpọ̀ kò ní òdì-kejì nígbà tí ó bá dá dúró. Ohun tí ó ní òdì-kejì ni iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀-ìṣe náà ń ṣe nínú gbólóhùn kan pàtó, pẹ̀lú olùwà rẹ̀ àti àbọ̀ rẹ̀. Aṣọ ni ó pe "bọ́" wá, kì í ṣe "wọ̀". Oòrùn ni ó pe "yọ" wá. Ìbéèrè tí ó bá yọ ọ̀rọ̀-ìṣe kúrò láàárín àwọn ẹbí rẹ̀ kò dán ìmọ̀ èdè wò mọ́. Bí ọmọ ṣe lè méfò ohun tí ó wà lọ́kàn olùkọ́ ni ó ń dán wò. Ó tó àkókò kí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀.

Ẹrù púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kékeré

Kì í ṣe àìsí ọ̀rọ̀ tó nínú èdè ni ó mú kí ọ̀rọ̀-ìṣe kan máa ṣe iṣẹ́ mẹ́rin tàbí mẹ́wàá. Bí wọ́n ṣe ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá ni kí ènìyàn kọ́kọ́ wò. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ẹnu ń lò lójoojúmọ́ sì jẹ́ onísílébù kan: kọ́ńsónáǹtì kan, fáwẹ̀lì kan, ohùn kan. Kọ́ńsónáǹtì 18 ni ó wà nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Fáwẹ̀lì àìránmúpè jẹ́ 7, àránmúpè tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ jẹ́ 5, ohùn sì jẹ́ 3. Bí ènìyàn bá fi 12 sọ 18 di púpọ̀, tí ó tún fi 3 sọ ọ́ di púpọ̀, 648 ni yóò rí. Kì í sì í ṣe gbogbo 648 yìí ni èdè ń lò.

Àwọn ìró kéréje yìí ni ìṣe ọmọ ènìyàn ń gbà kọjá, ti oko, ti ọjà, ti ìdáná, ti ogun, ti ìfẹ́ àti ti ìsìn. Ọ̀rọ̀ kékeré kò lè ṣàìru ẹrù púpọ̀. Ohun tí ó ń jẹ́ kí ẹrù náà má ṣubú ni pé àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ń bá a gbé e. Ẹni tí ó bá gbọ́ "pa iná" kò ní rò pé ẹnikẹ́ni kú. Ẹni tí ó bá gbọ́ "pa òfin mọ́" kò ní wá omi. Nítorí náà ni òdì-kejì "pa" fi ń yí padà bí àbọ̀ rẹ̀ bá ti ń yí padà. Bí wọ́n bá pa iná fìtílà, wọn yóò tan án. Bí ó bá jẹ́ iná ìdáná ni wọ́n pa, wọn yóò dá a. Ẹni tí kò pa òfin mọ́ rú òfin. Ẹni tí kò fẹ́ pa irọ́ yóò sọ òtítọ́. Ẹni tí wọn kò pa, wọ́n dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ta ni yóò wá jókòó tí yóò sọ pé ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni òdì-kejì "pa"?

Bẹ́ẹ̀ náà ni "gbà" rí. Ẹni tí ó gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní òdì-kejì nínú ẹni tí ó fún un ní owó. Ẹni tí ó gba ìmọ̀ràn yàtọ̀ sí ẹni tí ó kọ ìmọ̀ràn. Ẹni tí ó gba àlejò yàtọ̀ sí ẹni tí ó lé àlejò. "Tutù" pàápàá, tí ọ̀pọ̀ rò pé ó rọrùn, kò dúró sójú kan. Omi tí kò tutù lè gbóná, ewé tí kò tutù ti gbẹ, ẹni tí ìwà rẹ̀ kò tutù sì le. Ọmọ tí ó bá kọ "gbẹ" síwájú "tutù" kò ṣe àṣìṣe. Ewé ni ó ń wò nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ ń wo omi.

Fìlà, gèlè àti aṣọ

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan sọ pé ọ̀rọ̀ máàkì kan tàbí méjì kò tó ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ pariwo. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń bàjẹ́ ju máàkì lọ. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther gbé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, tí ó sì fẹ̀ ẹ́ sí i ní 1852, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ìwé atúmọ̀ èdè tí ìjọ CMS tẹ̀ ní Èkó ní 1913 tẹ̀lé ipasẹ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tí R. C. Abraham gbé jáde ní 1958, tí ó fi nọ́ńbà ya ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Iṣẹ́ ribiribi ni àwọn wọ̀nyí ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ń ti inú Gẹ̀ẹ́sì wo Yorùbá lè má mọ ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá òdì-kejì ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí yóò sì wá padà túmọ̀ òdì-kejì náà sí Yorùbá.

Ohun tí àwọn ènìyàn ń wọ̀ sára ni àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba jù lọ. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó kárí gbogbo rẹ̀, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń wọ aṣọ, wọ́n máa ń dé fìlà, wọ́n máa ń wé gèlè, wọ́n máa ń ró ìró, wọ́n sì máa ń di àmùrè. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe ti yàtọ̀ ni òdì-kejì yàtọ̀: wọ́n ń bọ́ aṣọ, wọ́n ń ṣí fìlà, wọ́n ń tú gèlè, wọ́n ń tú ìró àti àmùrè. Lónìí, ó wọ́pọ̀ kí ènìyàn gbọ́ lẹ́nu ọmọ pé ẹnì kan "wọ fìlà", pé ìyá òun "wọ gèlè", àti pé nígbà tí wọ́n dé ilé wọ́n "yọ" gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe márùn-ún ti di ẹyọ kan, òdì-kejì mẹ́ta sì ti di ẹyọ kan.

Bẹ́ẹ̀, àwọn òdì-kejì wọ̀nyí ni ó ń fi hàn bí Yorùbá ṣe ń wo ìṣe kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún fìlà ni wọ́n ń lò fún ìkòkò: wọ́n ń dé ìkòkò, wọ́n sì ń ṣí i. Fìlà jẹ́ ohun tí ó bo orí bí ìdérí ti bo ìkòkò. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò láti bọ́ nínú gèlè ni wọ́n ń lò fún ẹrù tí wọ́n dì: wọ́n ń tú u. Aṣọ ní tirẹ̀ dà bí ilé, ènìyàn ń wọ inú rẹ̀ ni. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé fìlà ni wọ́n ń ṣí, pé gèlè ni wọ́n ń tú, ti mọ ohun tí ó ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Ó ti mọ ìdí tí àwọn baba ńlá rẹ̀ fi pín ìṣe sí ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Kíláàsì òdì-kejì ọ̀rọ̀ ni ibi tí ó yẹ kí ó ti rí ẹ̀kọ́ yìí kọ́. Ìbéèrè ẹlẹ́yọ ọ̀rọ̀ ni ó sì ń gba ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó dára láti rántí pé ní ọdún 1852 kan náà tí ìwé Crowther kejì jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, Peter Mark Roget gbé ìwé tirẹ̀ jáde ní ìlú náà, èyí tí ó fi to àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò tò wọ́n ní ẹyọ ọ̀rọ̀ sí ẹyọ ọ̀rọ̀. Èrò ni ó kọ́kọ́ tò, tí ó gbé èrò kan kojú èrò tí ó tako ó lórí ojú ewé kan náà, kí ó tó wá kó ọ̀rọ̀ sábẹ́ èrò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan náà lè tipa bẹ́ẹ̀ hàn ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí wọ́n bá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní èdè àwọn ẹlòmíràn láti ìgbà náà, kí ni ó dé tí wọn yóò fi máa fi ẹyọ ọ̀rọ̀ dán ọmọ Yorùbá wò?

Òdì-kejì kì í ṣe àlọ àti àbọ̀

Ohun kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbà gbọ́ ni pé bí ọ̀rọ̀ kan bá jẹ́ òdì-kejì èkejì, èkejì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ òdì-kejì rẹ̀ níbi gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. "Bọ́" ni òdì-kejì "wọ̀" bí ó bá jẹ́ aṣọ tàbí bàtà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá bọ́ ọmọ kò ní "wọ̀" ní òdì-kejì rárá. Ẹni tí ó fi ebi pa ọmọ ni òdì-kejì rẹ̀. Ẹran tí ó bọ́ lọ́wọ́ ọdẹ yàtọ̀ sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀. "Ṣí" náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn ń wá ẹni tí yóò tì í. Ẹni tí ó ṣí ìwé yóò pa á dé. Àwọn tí ó ṣí kúrò ní ìlú kan kò bá ilẹ̀kùn tàbí ìwé tan. Àwọn tí ó tẹ̀dó síbẹ̀ ni òdì-kejì wọn.

Nígbà mìíràn, inú àbọ̀ ni òdì-kejì ń gbé, ọ̀rọ̀-ìṣe kò sì ní yí padà rárá. Ẹni tí ó ń jẹ ìyà àti ẹni tí ó ń jẹ ìgbádùn, "jẹ" ni àwọn méjèèjì ń jẹ. Adájọ́ tí ó dá ènìyàn láre àti èyí tí ó dá a lẹ́bi, "dá" ni àwọn méjèèjì ń dá. Bí wọ́n bá bi ọmọ pé kí ni òdì-kejì "dá", kí ni yóò sọ? "Dá" gan-an ni ìdáhùn tí ó tọ̀nà nínú ọ̀ràn ẹjọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí yóò ní ìgboyà láti kọ ọ́.

"Yá" tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ẹni tí ó yá owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ tí ó yá a lówó, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni ó so wọ́n pọ̀. Ibi tí olùwà àti àbọ̀ dúró sí ni ó ń fi olówó hàn yàtọ̀ sí ajigbèsè. Òdì-kejì mìíràn sì tún wà, nítorí ẹni tí ó yá owó níláti san án padà. Èyí fi hàn pé òdì-kejì pàápàá kì í ṣe oríṣi kan. Ọ̀kan jẹ́ ojú méjì ìṣe kan náà: bí ẹnì kan bá ń rà, ẹnì kan ń tà, bí ẹnì kan bá ń gbà, ẹnì kan ń fún un. Èkejì jẹ́ ìṣe tí ó ń sọ ìṣe àkọ́kọ́ di asán: dì àti tú, wọ̀ àti bọ́, gbìn àti wà, bí àgbẹ̀ ṣe ń gbin iṣu tí ó sì ń wa iṣu. Ẹ̀kẹta jẹ́ ìpẹ̀kun ipò méjì, bí omi tí ó tutù àti omi tí ó gbóná. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò mọ ohun tí ó ń wá kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

"Dùn" ni ó ń fi ọ̀rọ̀ tì síbi kan. Ọ̀rọ̀ tí ó dùn mọ́ ènìyàn mú inú rẹ̀ dùn. Ọ̀rọ̀ tí ó dùn ènìyàn bà á nínú jẹ́. "Mọ́" kékeré tí ó wà láàárín ni ó ya ayọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìbànújẹ́. Ẹni tí ó bá kọ "dùn" sílẹ̀ láìsí ohun tí ó tẹ̀lé e kò tíì sọ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún.

Ohùn àti orúkọ Ìgbómìnà

Kí ènìyàn tó pe ọ̀rọ̀ kan ní onítumọ̀ púpọ̀, ó yẹ kí ó rí i dájú pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ìtàn tí àwọn àgbà Ìgbómìnà máa ń sọ nípa orúkọ wọn ni pé ogbó, ìyẹn àdá tí babańlá wọn gbà ní Ilé-Ifẹ̀, ni ó mọ ọ̀nà tí ó sì ń ṣáájú wọn. "Ogbó mọ̀nà" ni ó di Ìgbómìnà. "Mọ̀" olóhùn ìsàlẹ̀ ni ó wà nínú ìtàn yìí, òdì-kejì mímọ ọ̀nà sì ni ṣíṣi ọ̀nà. "Mọ" olóhùn àárín ni ti ẹni tí ó ń mọ odi, òdì-kejì rẹ̀ sì ni kí wọ́n wó odi náà. "Mọ́" olóhùn òkè ni ti aṣọ tí ó mọ́, tí òdì-kejì rẹ̀ jẹ́ aṣọ tí ó dọ̀tí. Òun náà ni ti ilẹ̀ tí ó mọ́, tí òdì-kejì rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ tí ó ṣú. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ̀nyí, kì í ṣe ọ̀kan. Ìbéèrè tí wọn kò bá fi àmì ohùn sí ti kó ọmọ sínú igbó láìfún un ní ogbó.

Wàhálà tí ó tún wà níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀ máa ń bọ́ sí ohùn àárín nígbà tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. Bí wọ́n bá kọ "Ọdẹ náà ta ọfà", ṣé ó tà á fún ẹnì kan ni, àbí ó ta á sí ẹranko? Bí wọ́n bá kọ "Ó kọ ìwé náà", ṣé ó fi bírò kọ ọ́ ni, àbí wọ́n fún un tí ó kọ̀ ọ́? Gbólóhùn pọ́nna ni àwọn méjèèjì. Ọ̀nà tí ó rọrùn wà láti yanjú rẹ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀rọ̀-orúkọ náà kúrò, kí ó fi arọ́pò orúkọ sí i. Ohùn ìsàlẹ̀ yóò padà sí ipò rẹ̀. "Ó tà á" yóò yàtọ̀ sí "ó ta á", "ó kọ̀ ọ́" yóò sì yàtọ̀ sí "ó kọ ọ́". Ìgbà náà ni yóò mọ̀ pé "rà" ni òdì-kejì "tà" tí ó jẹ mọ́ ọjà, pé "gbà" sì ni òdì-kejì "kọ̀".

Ohun tí kò ní òdì-kejì

Ó yẹ kí olùkọ́ lè sọ fún àwọn ọmọ pé ìṣe kan wà tí kò ní òdì-kejì. Ní Èsìẹ́, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, àwọn ère òkúta tí ó ju 800 lọ ni ó wà níbẹ̀, èyí tí ó mú kí wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà síbẹ̀ ní 1945. Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan sọ pé ènìyàn ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Ojú ẹni tí ó bá wò wọ́n dáadáa yóò rí ọwọ́ àwọn tí ó gbẹ́ wọn. Kí wá ni òdì-kejì "gbẹ́ ère"? Bí ó bá jẹ́ kòtò ni wọ́n gbẹ́, ìdáhùn yá: wọ́n lè dí kòtò, ilẹ̀ yóò sì padà tẹ́jú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fọ́ ère kò sọ òkúta di èyí tí irin kò kàn rí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère Èsìẹ́ ni ó ti fọ́, síbẹ̀ gbígbẹ́ ni wọ́n gbẹ́ wọn. "Gbẹ́ ère" kò ní òdì-kejì, bẹ́ẹ̀ ni "gún iyán" kò ní. Ọmọ tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ tí ó sì ṣe àlàyé yẹ fún máàkì ju èyí tí ó wá ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ dí àlàfo lọ.

Níbi tí wọ́n bá ti fi dandan wá òdì-kejì ni àwọn ọmọ ti máa ń sá sábẹ́ "kò". Wọn yóò kọ "kò gbóná" gẹ́gẹ́ bí òdì-kejì "gbóná". Àyísódì ni èyí, kì í ṣe òdì-kejì. Omi tí kò gbóná lè má tutù. Ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọmọ tí kò ga lè má kúrú. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí àyísódì nìkan ń jẹ́ iṣẹ́ náà: òdì-kejì "ó wà" ni "kò sí", kò sì sí ẹni tí ó lè rí òmíràn tí ó sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí àwọn olùkọ́ lè fi dáhùn

Àwọn olùkọ́ kan yóò sọ pé àwọn ọmọ kékeré nílò ohun tí ó rọrùn, àti pé kíláàsì tí ọmọ pọ̀ sí kò fi àyè sílẹ̀ fún àlàyé gígùn. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá kò kéré, ìwé tí yóò sì máàkì pọ̀. Síbẹ̀, gbólóhùn kan kò gba àyè ju ìlà kan lọ. "Kí ni òdì-kejì ọ̀rọ̀-ìṣe inú gbólóhùn yìí: Oòrùn wọ̀?" Ìbéèrè náà kò gùn, ọmọ kékeré mọ ohun tí ó ń bèèrè, ìdáhùn rẹ̀ sì dájú ju ti ẹlẹ́yọ ọ̀rọ̀ lọ. Olùkọ́ tí ó bẹ̀rù àríyànjiyàn nígbà tí ó bá ń máàkì ni ó yẹ kí ó fẹ́ gbólóhùn jù.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé ìdánwò àṣekágbá ni àwọn ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún. Èyí gan-an ni ìdí tí ó fi yẹ kí wọ́n yí padà. Nínú iṣẹ́ àkàyé, inú àyọkà ni ọ̀rọ̀ ti ń wá, ìtumọ̀ tí ó ní nínú àyọkà náà ni ó sì ṣe pàtàkì. Ọmọ tí ó ti há ìlà ọ̀rọ̀ méjì-méjì sórí yóò gbé èyí tí ó há sórí síbẹ̀, ì báà bá àyọkà mu, ì báà má bá a mu. Ọmọ tí wọ́n ti kọ́ láti wo olùwà àti àbọ̀ yóò rí ọ̀nà rẹ̀ nínú àyọkà tí kò tíì kà rí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè kò ṣeé fi sílẹ̀ nínú èyí. Ìgbómìnà ní ohùn tirẹ̀, ní Kwara àti ní apá Ìlá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó sì ń yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Nígbà mìíràn, òdì-kejì tí ọmọ kọ jẹ́ èyí tí ó gbọ́ lẹ́nu ìyá-ńlá rẹ̀, tí kò sí nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Kí olùkọ́ má ṣe fi bírò pupa fà á lulẹ̀ kó tó bi í pé inú gbólóhùn wo ni wọ́n ti ń lò ó nílé. Kí ó jẹ́ kí ọmọ kọ ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ àjùmọ̀lò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀nà méjì ni ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ wọ ọjà, kò sì yẹ kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe kò ṣòro. Kí ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà sínú gbólóhùn. Kí ó wo olùwà rẹ̀, kí ó wo àbọ̀ rẹ̀, kí ó sì wo bóyá ọ̀rọ̀ kékeré kan bí "mọ́" tàbí "dé" so mọ́ ọn. Kí ó fetí sí ohùn rẹ̀. Kí ó bi ara rẹ̀ bóyá ẹni tí ó dúró ní òdì-kejì ìṣe náà ni ó ń wá, tàbí ìṣe tí yóò sọ ọ́ di asán, tàbí ìpẹ̀kun kejì ipò náà. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ọ̀rọ̀ tí ó rí rọ́pò ti àkọ́kọ́ nínú gbólóhùn kan náà, kí ó kà á sókè. Bí gbólóhùn náà bá dún bí ohun tí Yorùbá lè sọ, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì yí sí òdì, ó ti rí i. Bí kò bá dún bẹ́ẹ̀, kí ó tún un wá.

Ti olùkọ́ kò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó fi gbólóhùn bi ìbéèrè, kí ó fi àmì ohùn sí i, kí ó sì gba gbogbo ìdáhùn tí gbólóhùn náà bá gbà. Ní sáà tí ó ń bọ̀, kí ó mú ìwé ìdánwò tí ó ti fi sílẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó sì fi olùwà àti àbọ̀ kún ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan tí ó dá wà. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni. Àwọn ọmọ tí ó mọ̀ pé fìlà ni wọ́n ń ṣí, pé gèlè ni wọ́n ń tú, yóò sì lè fi ohun tí wọ́n mọ̀ hàn.